Òǹkàwé Gẹ́gẹ́ bí Oníjó: Fágúnwà àti Akẹ́kọ̀ọ́ Lítíréṣọ̀ ní Ògìdì

Ìfáárà

Ìbéèrè kan kì í wọ́n nínú ìdánwò lítíréṣọ̀ Yorùbá: èyí tí ó ní kí akẹ́kọ̀ọ́ sọ ẹ̀kọ́ tí ìwé kọ́ni. Akẹ́kọ̀ọ́ lè há irú ẹ̀kọ́ bẹ́ẹ̀ sórí, kí ó kọ ọ́ sílẹ̀, kí ó sì gba máàkì, láìjẹ́ pé ìwé náà fọwọ́ kàn án níbì kankan. Iṣẹ́ yìí ṣe àgbéyẹ̀wò bí olùkọ́ ṣe lè ran akẹ́kọ̀ọ́ lọ́wọ́ láti so ohun tí ó kà pọ̀ mọ́ ìgbésí ayé tirẹ̀. Ìwé tí a gbé yẹ̀ wò ni Ògbójú Ọdẹ nínú Igbó Irúnmalẹ̀, tí D. O. Fágúnwà kọ, akẹ́kọ̀ọ́ tí a ní lọ́kàn ni ọmọ Ògìdì, ní ilẹ̀ Ìjùmú, Ìpínlẹ̀ Kogí. Èrò tí iṣẹ́ yìí fẹ́ fìdí rẹ̀ múlẹ̀ ni pé ìrántí akẹ́kọ̀ọ́ nìkan kò tíì di ìtúpalẹ̀. Ó di ìtúpalẹ̀ nígbà tí ó bá padà sínú ìwé, tí ó sì jẹ́ kí a rí ohun tí a kò rí níbẹ̀ tẹ́lẹ̀.

Onílù àti Oníjó

Ní ọdún 1938, Louise Rosenblatt, onímọ̀ ará Amẹ́ríkà, tẹ ìwé Literature as Exploration jáde. Àlàyé rẹ̀ ni pé ìtumọ̀ kì í dá gbé inú ìwé, kì í sì í dá gbé inú òǹkàwé. Ìgbà tí àwọn méjèèjì bá pàdé ni ó ń wáyé. Nínú iṣẹ́ rẹ̀ tí ó jáde ní 1978, ó ya kíkàwé láti kó ìmọ̀ lọ sọ́tọ̀ sí kíkàwé láti gbé inú ohun tí a ń kà. Síbẹ̀, kò gbà pé gbogbo ohun tí òǹkàwé bá ti sọ ni ó tọ̀nà. Ohun tí ìwé sọ ni a ó fi wọn ọ̀rọ̀ òǹkàwé.

Ọdún 1938 yìí kan náà ni ìwé Fágúnwà jáde. Òkun ńlá ni ó wà láàrin àwọn òǹkọ̀wé méjèèjì, ṣùgbọ́n ní ìbẹ̀rẹ̀ ìtàn rẹ̀, Fágúnwà fi ìtàn náà wé ìlù àgídìgbo: òun ni yóò lù ú, àwọn ọlọ́gbọ́n tí ń kà á ni yóò sì túmọ̀ rẹ̀. Iṣẹ́ òǹkàwé ni ó là sílẹ̀ níbẹ̀. Onílù kò lè bá oníjó gbé ẹsẹ̀. Oníjó náà kò sì gbọdọ̀ jó ìlù tí ẹnikẹ́ni kò lù.

Ó yẹ kí a gbà pé Fágúnwà fúnra rẹ̀ a máa dá ìtàn dúró láti gba òǹkàwé nímọ̀ràn. Ìmọ̀ràn yìí ni ó rọrùn fún olùkọ́ láti sọ di ìdáhùn. Ibi tí òǹkọ̀wé kò ti wàásù ni ó yẹ kí olùkọ́ ti bẹ̀rẹ̀.

Òkè Láńgbòdó àti Òkè Ilé

Ọba ni ó rán Àkàrà-oògùn àti àwọn ọdẹ ẹgbẹ́ rẹ̀ sí Òkè Láńgbòdó láti lọ wá ohun tí yóò mú àlàáfíà bá ìlú. Àárín àpáta àti òkè ni Ògìdì wà, nítorí náà òkè kì í ṣe àjèjì sí ọmọ ibẹ̀. Ṣùgbọ́n irú òkè wo ni? Ní ọ̀rúndún kọkàndínlógún, àwọn ẹlẹ́ṣin Tápà láti Bídà kó ilẹ̀ Okun lẹ́rú lọ́pọ̀ ìgbà, títí ilé-iṣẹ́ Royal Niger Company fi ṣẹ́gun Bídà ní 1897. Ọ̀pọ̀ ará ilẹ̀ Okun ni ó fi orí òkè ṣe ibi ìsádi.

Akẹ́kọ̀ọ́ tí ó bá ti gbọ́ irú ìtàn yìí lẹ́nu àgbà mọ òkè kan tí a ń sá lọ bá nítorí pé àlàáfíà ti tán nílé. Òkè inú ìwé yàtọ̀: ọ̀nà rẹ̀ jìn, àṣẹ ọba ni a fi ń lọ, akọni ọkùnrin ni a yàn. Bí olùkọ́ bá dúró lórí pé “òkè wà nílùú wa náà,” kò tíì kọ́ni ní nǹkan kan. Bí ó bá béèrè ohun tí ó mú òkè kan yàtọ̀ sí èkejì, akẹ́kọ̀ọ́ yóò rí i pé ìrìn àjò inú ìwé kò mú tìyá tọmọ dání. Ìbéèrè yìí ni ó mú wa dé ọ̀dọ̀ ìyàwó Kàkó.

Obìnrin tí Kàkó Pa

Nígbà tí Kàkó fẹ́ bá àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ lọ, ìyàwó rẹ̀ dì mọ́ ọn, kò fẹ́ kí ó lọ. Kàkó pa á, ó sì bá tirẹ̀ lọ. Lábẹ́ ìfìwàwẹ̀dá, ìdáhùn tí akẹ́kọ̀ọ́ sábà ń há sórí ni pé akínkanjú ni Kàkó. Ọmọbìnrin tí ó mọ ilé tí ọkùnrin ti bá iṣẹ́ tàbí ogun lọ lè má gbà bẹ́ẹ̀. Ó lè béèrè pé ta ni ó san owó àlàáfíà tí wọ́n ń wá kiri. Bí olùkọ́ bá yára sọ pé obìnrin kò gbọdọ̀ dí ọkọ lọ́wọ́, ó ti ilẹ̀kùn mọ́ ọmọ náà, ó sì ti í mọ́ ìwé pẹ̀lú.

Ṣùgbọ́n ẹ̀gbẹ́ kejì ní ewu tirẹ̀. Akẹ́kọ̀ọ́ tí ó sọ pé “bàbá mi náà rí bẹ́ẹ̀,” tí ó sì dákẹ́, bàbá rẹ̀ ni ó sọ̀rọ̀ rẹ̀, kì í ṣe Kàkó. Olùkọ́ gbọ́dọ̀ dá a padà sójú ìwé: Kí ni obìnrin náà sọ? Kí ni Kàkó fi dá a lóhùn? Ọ̀rọ̀ wo ni Àkàrà-oògùn tí ń rọ́ ìtàn náà lò fún ikú rẹ̀? Kò sì yẹ kí a fipá mú ẹnikẹ́ni láti tú àṣírí ilé rẹ̀ ní kíláàsì. Ìwé àjákọ tí olùkọ́ kò ní fún ní máàkì tó fún èyí.

Èdè Ilé àti Àhunpọ̀ Ìtàn

Okun tí a fi ń pe àwọn ènìyàn yìí, ọ̀rọ̀ ìkíni wọn ni. Ẹ̀ka-èdè wọn sì yàtọ̀ sí Yorùbá àjùmọ̀lò tí a fi kọ ìwé. Olùkọ́ tí ó bá ń tún ẹ̀ka-èdè akẹ́kọ̀ọ́ ṣe láti orí gbólóhùn àkọ́kọ́ yóò gbọ́ Yorùbá tí ó mọ́ gaara, ṣùgbọ́n èrò inú ọmọ náà lè sọnù. Kí akẹ́kọ̀ọ́ kọ́kọ́ fi èdè ilé sọ èrò rẹ̀. Ìgbà tí ó bá ń kọ ọ́ sílẹ̀ ni kí ó wá lo Yorùbá àjùmọ̀lò.

Àwọn ọ̀rọ̀ ìperí wa náà ṣe é fi ìmọ̀ ilé kọ́. Inú “hun” ni “àhunpọ̀ ìtàn” ti wá, aṣọ híhun sì jẹ́ iṣẹ́ àwọn obìnrin Ògìdì. Nike Okundaye, tí a bí níbẹ̀ ní 1951, kọ́ aṣọ híhun lọ́wọ́ àwọn àgbà ilé rẹ̀ kí òkìkí iṣẹ́ ọnà rẹ̀ tó kàn káàkiri àgbáyé. Ọmọ tí ó ti jókòó ti ìyá àgbà nídìí òfì mọ̀ pé òwú kan kò lè di aṣọ, àti pé òwú tí ó bá já níbẹ̀rẹ̀ yóò hàn lẹ́yìn ọ̀la. Ẹ jẹ́ kí ó wá ibi tí òwú ti pàdé nínú ìtàn Àkàrà-oògùn.

Àgbálọgbábọ̀

Àwọn kan lè sọ pé kíláàsì pọ̀ jù, àti pé a kò lè fún ìgbésí ayé ọmọ ní máàkì. Òótọ́ ni; a kò sì gbọdọ̀ fún un ní máàkì. Ẹ̀rí inú ìwé ni kí a fún. Dípò “Sọ ẹ̀kọ́ mẹ́rin tí ìwé yìí kọ́ni,” ìbéèrè lè jẹ́: “Mú ìṣẹ̀lẹ̀ kan tí ó bá ohun tí o mọ̀ mu tàbí tí ó takò ó. Kí ni ìmọ̀ rẹ jẹ́ kí o rí nínú ìṣẹ̀lẹ̀ náà? Fi ẹ̀rí láti inú ìwé gbè é lẹ́sẹ̀.” A kò lè há ìdáhùn irú ìbéèrè yìí sórí, nítorí pé akẹ́kọ̀ọ́ kọ̀ọ̀kan ni yóò jó ìlù náà fúnra rẹ̀.