Òfin Oscar àti Fíìmù Yorùbá: Àríwísí Ìpinnu Ọdún 2022

Ìrètí tí àwọn onífíìmù ilẹ̀ Nàìjíríà gbé ka àmì-ẹ̀yẹ Oscar ti ń jó rẹ̀yìn. Ní ọdún 2019, wọ́n yọ Lionheart, èyí tí Genevieve Nnaji darí, kúrò nínú ìdíje fíìmù ilẹ̀ òkèèrè nítorí pé èdè Gẹ̀ẹ́sì ló gbilẹ̀ nínú rẹ̀. Òfin ìdíje náà ni pé ohun tó ju ìdajì ìsọ̀rọ̀ǹgbèsì lọ gbọ́dọ̀ wà ní èdè tí kì í ṣe Gẹ̀ẹ́sì. Ní ọdún 2022, Ẹlẹ́ṣin Ọba ti Bíyi Bándélé àti Aníkúlápó ti Kúnlé Afọláyan mú òfin yìí ṣẹ. Síbẹ̀, ìgbìmọ̀ aṣàyàn Nàìjíríà dìbò pé kò sí fíìmù tó yẹ ní fífi ránṣẹ́; àwọn kan nínú ìgbìmọ̀ sì kọ̀wé fipò sílẹ̀.

Àwọn fíìmù náà kò ṣàìní àléébù. Nínú Aníkúlápó, ìfẹ́ Sàró àti olorì gba àyè ju ẹyẹ àkàlà lọ, bẹ́ẹ̀ ẹyẹ náà ni gbòǹgbò ìtàn. Ṣùgbọ́n iṣẹ́ Bándélé kì í ṣe kékeré: eré-oníṣe tí Wọlé Ṣóyínká fi Gẹ̀ẹ́sì kọ, tó jáde ní 1975, ni ó dá padà sí ẹnu àwọn tó ni ìtàn. Òfin tó ń ka iye ọ̀rọ̀ kò lè wọn èyí. Kò béèrè bóyá òwe bá ibi tí wọ́n ti pa á mu. (Ìtumọ̀ ìsàlẹ̀ àwòrán ṣáà ni àwọn adájọ́ òkèèrè ń kà.)

Ní oṣù Karùn-ún ọdún 2023, Aníkúlápó gba àmì-ẹ̀yẹ fíìmù tó ta gbogbo yòókù yọ níbi AMVCA ní Èkó. Kò tó ọdún kan sí ìpinnu ìgbìmọ̀ náà.