Iná àti Bẹ́líìtì Ìjàpá

Ọdún 1975 ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í to Volkswagen tí a ń pè ní Ìjàpá pọ̀ ní Èkó. Èyí tó ṣì ń rìn lónìí, àwọn ríwáyà, ìyẹn àwọn tó ń tún iná ọkọ̀ ṣe, ló yẹ ká dúpẹ́ lọ́wọ́ wọn.

Ríwáyà gidi kì í sáré pààrọ̀ gílóòbù. Á kọ́kọ́ tú wáyà ẹ́ẹ̀tì, á fi sáńpépà ha ìpẹtà kúrò níbi tó ti kan irin. Á yọ fíúùsì kéékèèké ẹlẹ́nu ṣóńṣó lọ́kọ̀ọ̀kan, á nu ẹnu wọn dáadáa. Lọ́pọ̀ ìgbà, ibẹ̀ gan-an ni iná tó ti ń ṣe bàìbàì ti ń mọ́lẹ̀ padà, láìná owó rẹpẹtẹ.

Ti bẹ́líìtì ìjókòó ló le jù. Tòkunbọ̀ pọ̀ ní ọjà Ládípọ̀ l'Ékòó lóòótọ́, àmọ́ ẹni tó mọṣẹ́ á fi àtàǹpàkò tọ etí bẹ́líìtì láti òkè dé ìsàlẹ̀, á máa wá ibi tí òwú ti ń já. Èyí tó bá sì ti inú ọkọ̀ tó ní jàǹbá wá ti nà. Kò yẹ kó tún di ẹnikẹ́ni mú mọ́. Mo bọ̀wọ̀ fún oníṣẹ́ tó lè sọ fún oníbàárà tó ti kó owó dání pé, "Ẹ̀gbọ́n, ẹ má ra eléyìí."