Ìka Tó Ń Gbọ́ràn

Ní ilé ìwòsàn UCH n'Ìbàdàn, ìwé nìkan kọ́ ló ń sọni di dókítà. Ẹ̀gbẹ́ ibùsùn aláìsàn ni ọ̀gá ti ń kọ́ àwọn akẹ́kọ̀ọ́ níṣẹ́ gan-an.

Ìkíni ló ṣáájú: “Ẹ kú àárọ̀ mà. Ṣé ara ti ń mókun?” Wọ́n á sọ orúkọ wọn, wọ́n á tọrọ àyè, wọ́n á fi àtẹ́lẹwọ́ ra àtẹ́lẹwọ́ kó lè lọ́ wọ́ọ́rọ́. Bí wọ́n bá ń tẹ ikùn, ojú aláìsàn ni wọ́n ń wò, torí ojú lọ̀rọ̀ wà.

Ó wá kan àyà. Ìka àárín ọwọ́ òsì á sùn sáàárín egungun ìhà méjì, tọ̀tún á máa kàn án, kó-kó, bí ẹni ń yẹ àgbá wò. Ibi tí afẹ́fẹ́ wà á ró bí ìlù. Ibi tómi dá sí, ohùn á kú.

Ohun tí mo mọrírì jù ni èyí tó kẹ́yìn: kí wọ́n tó kúrò, wọ́n á da aṣọ bo aláìsàn padà. Wọ́n á ṣe é lónìí, wọ́n á ṣe é lọ́la, títí yóò fi di ìwà.