Ayé Àfẹ̀rọdá àti Ọmọ Tí Ń Kọ́ Yorùbá-Nàgó: Lámèyítọ́ lórí Second Life àti Minecraft

Ọdún 2003 ni ilé-iṣẹ́ Linden Lab, ní ìlú San Francisco, gbé Second Life jáde. Ayé àfẹ̀rọdá ni: inú kọ̀ǹpútà ni ilẹ̀ rẹ̀, òkun rẹ̀ àti ilé rẹ̀ wà. Ẹni tí ó bá fẹ́ wọ ibẹ̀ yóò yan àwòrán kan tí yóò máa ṣojú fún un, yóò máa fi í rìn kiri, yóò sì máa bá àwọn tí ó wà ní orílẹ̀-èdè mìíràn sọ̀rọ̀. Kì í ṣe eré ìdíje. Àwọn tí ń gbé inú rẹ̀ ni ó ń kọ́ èyí tí ó pọ̀ jù nínú ohun tí ó wà níbẹ̀. Láìpẹ́, àwọn olùkọ́ èdè bẹ̀rẹ̀ sí í kó akẹ́kọ̀ọ́ lọ síbẹ̀. Goethe-Institut ti ilẹ̀ Jámánì àti Instituto Cervantes ti ilẹ̀ Sípéènì ti ní ibùdó níbẹ̀ rí. Minecraft ni èkejì. Ilẹ̀ Sweden ni ó ti wá, ó jáde ní pípé ní ọdún 2011, bíi bíríkì onígun mẹ́rin sì ni ohun tí a fi ń kọ́ ilé àti ìlú nínú rẹ̀. Microsoft ra ilé-iṣẹ́ tí ó ni ín ní 2014, ó sì gbé ẹ̀dà ti ilé-ẹ̀kọ́ jáde ní 2016.

Ìyìn pọ̀ lórí àwọn ayé méjèèjì yìí. Èyí tí ó wọ́pọ̀ jù ni pé àwòrán wọn ń fa ojú ọmọdé mọ́ra, àti pé ọmọ tí ó bá fi ojú sí nǹkan yóò kọ́ ọ. Ìdí yìí kò tó. Ẹ jẹ́ kí á ro ti ọmọ Kétu tàbí ọmọ Ṣábẹ̀ẹ́ tí ń dàgbà ní Kútọnu, tí ó ń fi èdè Faransé kàwé, tí ó gbọ́ gbogbo ohun tí ìyá àgbà rẹ̀ ń sọ, ṣùgbọ́n tí ó ń fi Faransé dá a lóhùn. Àwòrán kò ṣọ̀wọ́n lójú rẹ̀. Ó ti ń wò ó lórí fóònù kí ó tó mọ̀wé. Ohun tí kò ní ni ìdí tí yóò fi la ẹnu sọ Yorùbá. Nítorí náà, ohun tí ó yẹ kí á fi wọn ayé àfẹ̀rọdá ni bóyá ó lè fún ọmọ yìí ní ìdí náà.

Ní ti èyí, agbára tòótọ́ wà nínú wọn. Gbólóhùn inú ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ kì í béèrè ohunkóhun lọ́wọ́ ẹni tí ń kà á. Ṣùgbọ́n bí ọmọ méjì bá jọ ń mọ ògiri nínú Minecraft, ọ̀kan gbọ́dọ̀ sọ fún èkejì pé kí ó gbé òkúta sórí ògiri, tàbí sẹ́yìn rẹ̀, tàbí sínú ihò tí ó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Bí ó bá ṣì í sọ, ògiri yóò wọ́. Ibi tí ó máa ń le fún ẹni tí Faransé ti mọ́ lára gan-an nìyí. Faransé ní ọ̀rọ̀ kékeré kan fún ipò kọ̀ọ̀kan. Yorùbá ń lo ọ̀rọ̀-orúkọ, èyí tí púpọ̀ nínú rẹ̀ jẹ́ orúkọ ẹ̀yà ara: orí, inú, ẹ̀yìn, ẹ̀gbẹ́. Ọmọ tí ó bá fi odidi ọ̀sán kan kọ́lé yóò lo àwọn ọ̀rọ̀ wọ̀nyí lọ́pọ̀ ìgbà láìmọ̀ pé òun ń ṣe ìdánrawò.

Ọ̀rọ̀ ìkíni náà tún jẹ́ ẹ̀rí. A kò lè kọ́ ìkíni Yorùbá láìsí ẹni tí a ń kí àti ohun tí ẹni náà ń ṣe: ẹ kú ọjà, ẹ kú ìjókòó, ẹ kú iṣẹ́, ẹ kú àbọ̀. Bákan náà ni ọ̀rọ̀ arọ́pò-orúkọ. Ọmọ tí ó gbọ́ Faransé yóò rò pé «tu» ni «o», pé «vous» sì ni «ẹ». Àṣìṣe rẹ̀ yóò hàn nínú ilé tirẹ̀, nítorí pé ọmọ Faransé ń pe bàbá rẹ̀ ní «tu», ọmọ Yorùbá kò sì gbọ́dọ̀ pe tirẹ̀ ní «o». Ayé àfẹ̀rọdá lè gbé àgbà, ẹlẹgbẹ́ àti àbúrò síwájú akẹ́kọ̀ọ́ kí ó yan èyí tí ó tọ́. Second Life tilẹ̀ gba akẹ́kọ̀ọ́ láàyè láti ṣẹ̀dá ìṣesí tirẹ̀ fún àwòrán, nítorí náà ìkúnlẹ̀ àti ìdọ̀bálẹ̀ kò kọjá agbára rẹ̀.

Ìkùnà wọn bẹ̀rẹ̀ láti orí ohùn. Títẹ ọ̀rọ̀ ni wọ́n fi ń bá ara wọn sọ̀rọ̀ nínú Second Life ní ìbẹ̀rẹ̀. Ọdún 2007 ni sísọ̀rọ̀ lẹ́nu tó wọ inú rẹ̀. Nínú ọ̀rọ̀ tí a tẹ̀ láìsí àmì, igba, igbá, ìgbá àti ìgbà di ohun kan náà. Ọmọ Benin tí ó jókòó ti bọ́tìnì ìtẹ̀wé àwọn Faransé yóò rí é, è àti à níbẹ̀, ṣùgbọ́n kò ní rí ẹ, ọ tàbí ɛ. Lẹ́tà bí ẹ̀ àti ọ́ kò tilẹ̀ ní nọ́ńbà kan ṣoṣo tirẹ̀ nínú Unicode. Àmì ohùn ni a ń so mọ́ lẹ́tà, ó sì máa ń ṣí kúrò lórí rẹ̀ nínú eré tí a kò ṣe fún irú rẹ̀. Ibi tí ohùn kò bá sí, orúkọ nǹkan ni akẹ́kọ̀ọ́ yóò kó jọ. Kò ní lè sọ̀rọ̀.

Èkejì ni Yorùbá ta ni. Yorùbá wà lára àwọn èdè tí a lè yàn nínú Minecraft, orúkọ Nàìjíríà sì wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Àwọn olùfẹ́ èdè tí kò gba owó ni ó túmọ̀ rẹ̀, ìyìn sì tọ́ sí wọn. Ṣùgbọ́n láti ọdún 1975 ni Benin ti ní álífábẹ́ẹ̀tì àwọn èdè orílẹ̀-èdè, tí ó ń kọ ɛ àti ɔ. Ọmọ tí ó rí àkọtọ́ kan ní kíláàsì, tí ó rí òmíràn nínú eré, tí ó sì gbọ́ ẹ̀ka-èdè kẹta lẹ́nu ìyá àgbà rẹ̀, lè parí èrò sí pé ti ìyá àgbà ni kò tọ̀nà. Àdánù tí ó burú jù nìyẹn, nítorí pé ìyá àgbà ni olùkọ́ tí ó súnmọ́ ọn jù. Ọ̀nà kan kò wọ ọjà. Ẹnìkan gbọ́dọ̀ sọ èyí fún ọmọ náà.

Ẹ̀kẹta ni ilẹ̀. Ní ìparí ọdún 2010, Linden Lab kéde pé ẹ̀dínwó tí àwọn ilé-ẹ̀kọ́ ń jẹ lórí ilẹ̀ Second Life yóò dópin. Ọdún 2013 ni wọ́n tó dá a padà. Iye tí wọ́n ń san di ìlọ́po méjì, ọ̀pọ̀ sì kó kúrò. Bí èyí bá lè dé bá àwọn yunifásítì ọlọ́rọ̀, kò yẹ kí iṣẹ́ àwọn olùkọ́ Pọ́bẹ̀ tàbí ti Ìdáàsà dúró lórí ilẹ̀ àyágbé.

Ọ̀nà tí ó dára jù wà. Ètò kan wà tí ó jọ Minecraft, Luanti, tí ó ń jẹ́ Minetest títí di 2024. Ọ̀fẹ́ ni, ẹnikẹ́ni lè yí i padà, ó sì lè ṣiṣẹ́ lórí kọ̀ǹpútà díẹ̀ tí a so pọ̀ nínú yàrá kan láìsí íntánẹ́ẹ̀tì. Bí àwọn ọmọ bá jókòó papọ̀ nínú yàrá náà, ẹnu ni wọn yóò fi máa sọ̀rọ̀, ohùn yóò sì padà sí ipò rẹ̀. Kí a fún wọn ní iṣẹ́ láti kọ́ Àkàbà Ìdènà, ẹnu ibodè àtijọ́ ti Kétu, àti yàrà tí ó yí ìlú ká. Wọn kò ní lè parí rẹ̀ láìbi àwọn àgbà léèrè ohun tí a ń pe ilẹ̀kùn náà, ìdí tí a fi kọ́ ọ bẹ́ẹ̀, àti ẹni tí ń ṣọ́ ọ. Ìdájọ́ lórí ètò náà yóò wáyé lẹ́yìn tí a bá pa kọ̀ǹpútà, nígbà tí ọmọ bá dé ilé, tí ó kúnlẹ̀, tí ó sì fi Yorùbá bi ìyá àgbà rẹ̀ ní ìbéèrè.