Ohùn àti Àwòrán nínú Fíìmù Soul to Soul

Ní ọjọ́ 6 oṣù Kẹta ọdún 1971, àwọn olórin Amẹ́ríkà àti ti Ghana péjọ sí gbàgede Black Star ní Accra, wọ́n sì kọrin di ìdájí ọjọ́ kejì láti bá Ghana ṣe àjọyọ̀ ọdún 14 òmìnira rẹ̀. Denis Sanders ni ó darí fíìmù tí a yà níbẹ̀, èyí tí a sọ ní Soul to Soul.

Ohùn rẹ̀ ni ó kọ́kọ́ yẹ fún ìyìn. Tom Dowd, àgbà nínú iṣẹ́ ìgbohùnsílẹ̀ ní ilé-iṣẹ́ Atlantic, ni ó bójú tó o. Bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé ìta gbangba ni, gìtá kò bo ìlù mọ́lẹ̀, ọ̀rọ̀ ẹnu Tina Turner kò sì sọnù sínú ariwo fèrè.

Ojú kò ṣe dáradára tó etí. Ẹni tí ó bá ti dúró wo onídùndún ní Ẹnuwá, níwájú ààfin Ọọ̀ni ní Ilé-Ifẹ̀, mọ̀ pé ẹsẹ̀ oníjó ni ó ń dá ìlù lóhùn. Àwọn ayàwòrán yìí kò fi gbogbo ìgbà rántí èyí. Ojú àti ẹnu àlejò ni wọ́n ń lépa ṣáá. Àwọn ará Accra di ohun tí wọ́n ń yọjú wò lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan, àyè tí àwọn olórin Ghana sì rí kò tó nǹkan. Ẹgbẹ́ Santana pàápàá, tí Willie Bobo bá lùlù nítorí àìsàn José Areas, ìlù ni ó gbé orin wọn dúró. (Orin “Jingo” tí wọ́n gbé jáde ní 1969, iṣẹ́ Babátúndé Ọlátúnjí, ọmọ Àjídò, ni.)

Ibi kan wà tí ojú àti etí ti bá ara wọn mu pátápátá. Amoah Azangeo, ọmọ Ghana, ń mi igbá rẹ̀, ó ń jù ú, ó ń hán an, Les McCann ń tẹ dùùrù, Eddie Harris ń fun fèrè. Kámẹ́rà kò kánjú. Ó dúró ti ọwọ́ onígbá náà, òǹwòran sì ń fi ojú rí ibi tí ohùn ti ń jáde. Ìbá ṣe pé báyìí ni a ya gbogbo rẹ̀!

Ní ọdún 2004 ni a tún fíìmù náà ṣe, tí a sì gbé e jáde sórí DVD, ṣùgbọ́n apá ti Roberta Flack kò sí níbẹ̀ mọ́. Olùkọ́ tí ó bá fẹ́ fi han àwọn akẹ́kọ̀ọ́ gbọdọ̀ sọ fún wọn pé ohun tí a wò ní 1971 jù báyìí lọ.