Ekpo Eyo àti Ìbéèrè Ẹni tí ó Ni Ohun Ìṣẹ̀ǹbáyé

Bí a bá ń sọ̀rọ̀ nípa àwọn tí wọ́n tukọ̀ ilé ìkóhun-ìṣẹ̀ǹbáyé-sí ní Nàìjíríà, a kò lè yọ orúkọ Ọ̀jọ̀gbọ́n Ekpo Eyo (1931–2011) sílẹ̀. Òun ni ọmọ Nàìjíríà àkọ́kọ́ tí ó darí ẹ̀ka ìjọba àpapọ̀ tí ń bójú tó ohun ìṣẹ̀ǹbáyé, láti 1968. Nígbà tí òfin 1979 sọ ẹ̀ka náà di àjọ, òun náà ni ó ṣe olórí rẹ̀ títí di 1986. Ìpàtẹ ńlá tí ó bẹ̀rẹ̀ ní ìlú Detroit, Amẹ́ríkà, ní 1980 ni a sábà máa fi ń yìn ín. Èrò tiwa ni pé Ọ̀wọ̀ ni ó yẹ kí a ti wọn iṣẹ́ rẹ̀.

Ní 1971, Eyo walẹ̀ ní Igbó Lájà. Àwọn ère amọ̀ tí ó wú jáde, tí ẹkùn tí ń jẹ ẹsẹ̀ ènìyàn wà lára wọn, gbé àmì ọnà Ifẹ̀ àti ti Ìbíní papọ̀. Èyí fi hàn pé Ọ̀wọ̀ kì í ṣe ọ̀nà àgbàkọjá lásán láàrin ìlú méjèèjì. Ó ní ọwọ́ ọnà tirẹ̀. Ìtàn àtẹnudẹ́nu sì so igbó náà mọ́ Ọrọnṣẹn, ayaba tí wọ́n ń ṣe ọdún Igogo fún. Ẹni tí ó bá wo ère láìgbọ́ ìtàn, ìdajì ni ó rí.

Ibí yìí ni àríwísí wa wà. Ìpàtẹ 1980 pe àwọn ère wọ̀nyí ní ìṣúra. Lóòótọ́, lẹ́yìn tí ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì kọ̀ láti yá wa ní ère ojú Ìdíà tí a fi eyín erin gbẹ́, fún FESTAC 1977, ìdáhùn tí ó níyì ni ìpàtẹ náà jẹ́. Ṣùgbọ́n inú àpótí ni a ń ti ìṣúra mọ́. Ohun ojúbọ ní iṣẹ́ tí ó ń ṣe láàrin ará ìlú. Ta wá ni olóhun: ìjọba, ààfin, tàbí ará ìlú? Ìbéèrè náà tún jí nígbà tí Jámánì dá ogún iṣẹ́ ọnà Ìbíní padà ní 2022, tí ìjọba àpapọ̀ sì kéde ní 2023 pé Ọba Ìbíní ni ó ni àwọn tí a bá dá padà.

Àbá wa fún olùkọ́ ni pé kí ó má ṣe fi àwòrán ère nìkan kọ́ni. Kí ó béèrè orúkọ tí àwọn onílé ń pè é, ohun tí wọ́n ń fi í ṣe, àti ẹni tí ó yẹ kí ó wà lọ́wọ́ rẹ̀. Eyo hú ère jáde. Ó kù sí wa lọ́wọ́ láti dá ìtàn rẹ̀ padà fún un.