Máàkì Láìsí Àlàyé: Àyẹ̀wò Eré RollerCoaster Tycoon

Ní ọdún 1999 ni eré orí kọ̀ǹpútà tí a ń pè ní RollerCoaster Tycoon jáde. Chris Sawyer, ọmọ ilẹ̀ Sikọ́tílándì, ni ó ṣe é, òun ni ó sì kọ èyí tí ó pọ̀ jù nínú àwọn àṣẹ tí ń darí rẹ̀, ní èdè tí ó súnmọ́ èdè ẹ̀rọ gan-an. Iṣẹ́ òǹṣeré ni láti dá ọgbà ìgbafẹ́ sílẹ̀, kí ó la ọ̀nà, kí ó gba òṣìṣẹ́, kí ó sì pa owó. Ṣùgbọ́n kì í ṣe owó pípa ni ó gbé eré náà níyì. Ohun tí ó gbé e níyì ni pé òǹṣeré lè fi ọwọ́ ara rẹ̀ to irin roller coaster, ìyẹn ọkọ̀ tí a sábà máa ń fi ẹ̀wọ̀n fà gun òkè gíga, tí a ó sì jọ̀wọ́ rẹ̀ níbẹ̀ kí ó máa já wálẹ̀, kí ó máa gba kọ́nà láìní ẹ́ńjìnnì kankan nínú. Wọ́n ti yin eré náà pé ó ń kọ́ni ní iṣẹ́ yíya ọ̀nà irin bẹ́ẹ̀. Ìyìn yìí tó yẹ̀ wò, pàápàá lójú ẹni tí ìkọ́ni yóò jẹ́ iṣẹ́ rẹ̀, nítorí pé ohun tí ń dán ènìyàn wò yàtọ̀ sí ohun tí ń kọ́ ọ.

Ká mú ọ̀pẹ kan tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ dé Forest Frontiers, ọgbà àkọ́kọ́ nínú eré náà. Ó gbé òkè kan ga fíofío, ó mú ọkọ̀ já láti ibẹ̀, ó sì fi kọ́nà tí ó ká kóńkó sí ìsàlẹ̀ pátápátá nítorí pé ilẹ̀ kò gbà á. Ó rán ọkọ̀ òfìfo lọ fún ìdánwò. Ọkọ̀ padà dé láìfarapa, èsì sì jáde: máàkì fún ìmóríyá, máàkì fún líle, máàkì fún ìrìndọ̀. Ìmóríyá kéré, líle ti kọjá 10. Síbẹ̀ ó ṣílẹ̀kùn. Àwọn àlejò dé ẹnu ọ̀nà, wọ́n wò ó, wọ́n yí padà. Bí ó bá tẹ ọ̀kan nínú wọn, yóò rí ohun tí ó wà lọ́kàn onítọ̀hún kà: ọkọ̀ yìí ti le jù fún un.

Níhìn-ín ni ọlá eré náà wà, nítorí pé kò gba ẹ̀bẹ̀. Òkè kejì kò gbọdọ̀ ga tó ti àkọ́kọ́, nítorí gíga ni ọkọ̀ fi ń ra ìyára. Ọkọ̀ tí ó bá já láti gíga mítà 30 yóò ní ìyára tí ó tó nǹkan bí kìlómítà 87 ní wákàtí kan nígbà tí ó bá dé ìsàlẹ̀, bí irin àti afẹ́fẹ́ kò bá dín in kù. Ìyára yìí kan náà ni yóò sì ná tán bí ó bá ń gun òkè tí ó kàn. Ọ̀pẹ tí kò mọ èyí yóò rí i tí ọkọ̀ rẹ̀ gun òkè kejì dé ìdajì, tí ó rọra dúró, tí ó sì bẹ̀rẹ̀ sí yí padà sẹ́yìn bí ọmọdé tí ẹrù wúwo jù fún. Kò wọ́pọ̀ kí olùkọ́ físíìsì rí ọ̀nà tí ó yé ọmọ ju báyìí lọ. Bákan náà ni ti kọ́nà. Bí irin bá tẹ́jú tí ọkọ̀ sì ń sáré, àwọn tí ó wà nínú rẹ̀ ni agbára náà ń tì sí ẹ̀gbẹ́. Bí a bá gbé ẹ̀gbẹ́ kan irin náà sókè, bí ẹni tí ó gun kẹ̀kẹ́ ti ń tẹ̀ sínú kọ́nà, agbára náà yóò tẹ̀ wọ́n mọ́ àga wọn dípò kí ó tì wọ́n síta. Líle yóò wálẹ̀, ìmóríyá yóò gòkè.

Ṣùgbọ́n máàkì kì í ṣe àlàyé. Akẹ́kọ̀ọ́ tí ó gba 3 nínú 10 mọ̀ pé òun kùnà. Kò mọ ibi tí òun ti kùnà. Nídìí ọpọ́n ayò, ọ̀ta kì í pa ọ̀pẹ kí ó dákẹ́. Yóò fi ṣe yẹ̀yẹ́, òǹwòran yóò dá sí i, inú yẹ̀yẹ́ yẹn gan-an ni ọ̀pẹ sì ti ń gbọ́ pé ibi báyìí ni kò yẹ kí òun ti kó ọmọ ayò. RollerCoaster Tycoon kò ní irú òǹwòran bẹ́ẹ̀. Àwọn àlejò rẹ̀ mọ ẹjọ́ dá, wọn kò mọ ìdí rẹ̀ sọ. Ẹ̀kọ́ ìbẹ̀rẹ̀ tí ó wà nínú rẹ̀ ń fi bí a ti ń so irin mọ́ irin hàn, ó sì parí síbẹ̀. Ohun kan ṣoṣo tí ó jọ olùkọ́ níbẹ̀ ni àwòrán onílà tí ó fara pamọ́ sí abala kan nínú àkọsílẹ̀ ọkọ̀ kọ̀ọ̀kan: ìlà kan fún ìyára, ọ̀kan fún gíga, ọ̀kan fún agbára tí ń gbéni sókè tí ń tẹni mọ́lẹ̀, ọ̀kan fún èyí tí ń tini sí ẹ̀gbẹ́. Ẹni tí ó bá fi ìlà ẹ̀gbẹ́ wé ìlà gíga yóò rí i pé ibi tí ìlà ẹ̀gbẹ́ ti fò sókè ni ọkọ̀ ti wà ní ìsàlẹ̀ pátápátá, nínú kọ́nà kóńkó ọjọ́sí. Ó ṣeni láàánú pé kò sí ohun tí ó mú òǹṣeré ní dandan láti ṣí abala yìí, àti pé àwọn ọ̀nà irin tí a ti yà tán wà nílẹ̀ fún ẹni tí ìdánwò bá sú.

Àléébù tí ó wúwo ju èyí lọ ni ti òbìrìkìtì, níbi tí ọkọ̀ ti ń dorí kodò. Odidi òbìrìkìtì ni òǹṣeré ń gbé kalẹ̀ lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, bí ẹni ra ìkòkò tí a ti mọ, tí a ti sun. Bẹ́ẹ̀ sì ni inú mímọ ìkòkò yìí ni ọgbọ́n iṣẹ́ náà pamọ́ sí. Ní ọdún 1895, a kọ́ ọkọ̀ kan tí ń jẹ́ Flip Flap sí Coney Island ní New York. Òbìrìkìtì rẹ̀ rí rogodo bí òṣùpá àrànmọ́jú. Ìṣirò sì fi hàn pé ọkọ̀ tí ìyára rẹ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ tó láti kọjá lókè irú òbìrìkìtì bẹ́ẹ̀ yóò sọ ènìyàn di ìlọ́po mẹ́fà ìwúwo rẹ̀ ní ìsàlẹ̀: ẹni tí ó wọn kìlógíráàmù 60 yóò dà bí 360 lórí àga. Ọrùn àwọn tí ó gun Flip Flap ni ó kọ́kọ́ gbọ́ ìṣirò yìí. Ó di ọdún 1976 kí Anton Schwarzkopf àti Werner Stengel, ọmọ Jámánì méjèèjì, tó gbé Revolution kalẹ̀ sí Magic Mountain ní Kalifọ́níà. Ìká òbìrìkìtì tiwọn gbòòrò ní ìsàlẹ̀, níbi tí ọkọ̀ ti ń sáré jù, ó sì há lókè, níbi tí ó ti ń falẹ̀. Ara sì gbà á. Òǹṣeré lè lo ọgọ́rùn-ún òbìrìkìtì kí ó má mọ̀ pé ìbéèrè kan wà níbẹ̀ rí.

Ọ̀rọ̀ ara ènìyàn yìí ni eré náà fọwọ́ yẹpẹrẹ mú jù. Bí ọkọ̀ bá sáré kọjá ibi tí irin parí sí, yóò gbiná, àwọn àlejò yóò sì kú. Ìyà òǹṣeré ni pé ipò ọgbà rẹ̀ wálẹ̀, ẹ̀rù ọkọ̀ náà sì ń ba àwọn tí ó kù. Bí ó bá pẹ́ díẹ̀, ipò náà yóò tún gòkè. Kò sí ìyá òkú níbẹ̀, kò sì sí ìgbìmọ̀ ìwádìí. Ìrìndọ̀ pàápàá di ọ̀ràn agbálẹ̀ lásán: àlejò bì sójú ọ̀nà, òǹṣeré gba òṣìṣẹ́ kan kún un. A lè fèsì pé eré ṣáà ni. Òótọ́ ni, ṣùgbọ́n ìyìn pé ó ń kọ́ni ní iṣẹ́ ni a ń yẹ̀ wò, iṣẹ́ náà kò sì ní ìdí mìíràn tí ó fi ṣòro ju pé ènìyàn ni ń jókòó sínú ọkọ̀ náà.

Nínú ẹ̀dà kẹta, tí ilé-iṣẹ́ Frontier ṣe ní ọdún 2004, a fún òǹṣeré láyè láti wo ìrìn náà láti orí àga ọkọ̀ tí òun fúnra rẹ̀ yà. Ojú rẹ̀ yóò rí òkè, yóò rí jíjá, yóò rí kọ́nà. Òbìrìkìtì tí yóò gbà kọjá ṣì jẹ́ èyí tí ẹlòmíràn ti bá a mọ.